Onílé Kékeré, Àlejò Ńlá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ọ̀rọ̀ yìí ti jẹ́ òótọ́ nípa ọmọ ènìyàn, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó jẹ́ òótọ́ nípa ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ni ó wà lóde òní tí orúkọ tí wọ́n kọ sí ara páálí rẹ̀ tóbi ju ohun tí ilé rẹ̀ lè gbà lọ. Ẹni tí kò bá yẹ irú ilé bẹ́ẹ̀ wò dáadáa lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba ohun iyebíye jẹ́. Bàbá arúgbó kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tí ó ń gbé ní Jabi ní ìlú Àbújá, ni ó kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní ọdún 2023. Díẹ̀ ni ó kù kí ẹ̀kọ́ náà gba ohun tí kò sí lórí àtẹ ọjà kankan lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Èdè Yorùbá ni ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní apá Òkè-Ògùn. Nígbà tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ṣe bàìbàì, ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ó ń ṣe iṣẹ́ ìjọba ní Àbújá mú un wá sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀ ní Jabi. Ilẹ̀ àwọn Gbagyi ni agbègbè yìí kí ìjọba tó ṣe òfin ní ọdún 1976 pé ibẹ̀ ni olú-ìlú tuntun yóò wà, kí Àbújá sì tó gba ipò náà lọ́wọ́ Èkó ní ọjọ́ 12, oṣù Kejìlá, ọdún 1991. Ẹni tí ó bá dé Jabi lónìí yóò rí adágún omi ńlá, yóò rí ilé ìtajà tí wọ́n ṣí sí etí adágún náà ní ọdún 2015, yóò sì rí olú ilé-iṣẹ́ yunifásítì tí a ń pè ní National Open University. Yóò tún rí ibùdókọ̀ tí àwọn ọmọ Yorùbá ti ń wọ ọkọ̀ lọ sí ilé nígbà ọdún. Gbogbo èdè ni ènìyàn ń gbọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n Yorùbá tí ó jinlẹ̀ kò pọ̀ létí àwọn ọmọ-ọmọ Bàbá.

Ẹrù tí Bàbá kó wá láti ilé kò pọ̀. Aṣọ rẹ̀ ni, àwọn ìwé rẹ̀ díẹ̀, àti fíláàṣì kékeré kan tí ó so pọ̀ mọ́ kọ́kọ́rọ́ àpótí rẹ̀. Inú fíláàṣì yìí ni ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wà. Obìnrin náà ni ó kẹ́yìn nínú agbo ilé wọn tí ó mọ oríkì orílẹ̀ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú ti ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn baba ńlá wọn. Ní ọdún 2018, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún nǹkan bí wákàtí méjì. Ní ọdún 2019, ìyá náà papò dà. Fóònù tí wọ́n fi gba ohùn náà bọ́ sínú omi kò pẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà. Ohun tí ó kù kò ju ohun tí ó wà nínú fíláàṣì yìí lọ, kò sì sí ẹni tí ó ronú àtiṣe ẹ̀dà rẹ̀.

Ọmọ Bàbá ti ra rédíò kékeré kan fún un, irú èyí tí ó ń lo bátìrì tí a ń fi iná sí, tí ó ní ihò USB ní ẹ̀gbẹ́. Ara páálí rẹ̀ ni wọ́n kọ USB sí gàdàgbà. Ìròyìn àárọ̀ ni Bàbá ń fi í gbọ́. Nígbà tí ìrántí ọdún kẹrin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ súnmọ́ tòsí, ó pe àwọn ẹbí tí ó wà ní Àbújá pé kí wọ́n wá jókòó ní ọjọ́ Àìkú, kí àwọn ọmọ kéékèèké lè gbọ́ oríkì wọn láti ẹnu ẹni tí ó ni ín. Ní ọjọ́ mẹ́ta sí ìgbà náà, ó ti fíláàṣì bọ ihò rédíò láti dán an wò. Iná pupa kan ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì dákẹ́. Rédíò náà padà sí ìròyìn bí ẹni pé ẹnì kankan kò kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí ó ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama, gbìyànjú tirẹ̀. Ó fi wáyà so fóònù ìyá rẹ̀ mọ́ rédíò náà. Rédíò kò fọhùn. Ó gbé àpótí ìkó-nǹkan-sí ńlá ti kọ̀ǹpútà ìyá rẹ̀, ó fi wáyà so ó mọ́ ọn. Iná rédíò ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀, ó sì kú pátápátá. Ẹ̀rù ba ọmọ náà, ó yọ wáyà kúrò. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Bàbá mú fíláàṣì lọ sí ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tí ń ta nǹkan fóònù létí títì. Ọkùnrin náà wò ó fìrí, ó ní, "Bàbá, ẹ kàn jẹ́ kí n fọ́ọ̀màtì rẹ̀ ni, yóò ṣiṣẹ́."

Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Bàbá béèrè pé, "Kí ni ẹ ń pè ní fọ́ọ̀màtì?"

Ọkùnrin náà dáhùn pé, "A óò tún inú rẹ̀ tò ni, kí rédíò lè mọ̀ ọ́n."

"Àwọn ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ńkọ́?"

Ọkùnrin náà dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ìyẹn yóò lọ o, sà."

Bàbá gba fíláàṣì rẹ̀ padà, ó dúpẹ́, ó sì lọ sílé. Ọkùnrin yìí kò purọ́. Bí ó bá fọ́ọ̀màtì fíláàṣì náà, rédíò ì bá mọ̀ ọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ì bá kù fún rédíò láti sọ kò sí mọ́. Ìmọ̀ràn tí ó tọ́ fún ẹ̀rọ lè jẹ́ ikú fún ohun tí ẹ̀rọ ń gbé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ Bàbá júwe ọmọbìnrin kan fún un, ọmọ Kàbbà, tí ó kàwé nípa iná mànàmáná ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, tí ó sì ń tún ẹ̀rọ ṣe nínú ìsọ̀ kótópó kan ní Jabi. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ kí i, ó gbé àga fún un, ó sì tẹ́tí gbọ́ gbogbo àlàyé rẹ̀ kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

"Bàbá," ni ó wí, "ṣé ẹ̀dà ohùn yìí wà níbòmíràn?"

"Kò sí, ọmọ mi."

"Ó dáa, sà. A kò ní tí ì dé ọ̀dọ̀ rédíò rárá. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gba ẹ̀mí ohùn náà là."

Ó ti fíláàṣì náà bọ kọ̀ǹpútà rẹ̀, kọ̀ǹpútà sì mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ó da gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kọ sí ọ̀nà méjì, ó ṣí i, ohùn arúgbó obìnrin kan sì jáde. Bàbá ṣí fìlà. Ẹnu kò lè sọ bí ara rẹ̀ ti fúyẹ́ tó. Nígbà tí ó farabalẹ̀, ó béèrè ohun tí ó ti ń dùn ún láti àná: "Kọ̀ǹpútà rẹ mọ̀ ọ́n, rédíò mi kò mọ̀ ọ́n. Ihò kan náà sì ni àwọn méjèèjì ní. Ta ni ó ń tan ẹni jẹ nínú wọn?"

Ọmọbìnrin náà mú fíláàṣì kékeré tirẹ̀ jáde, ó fi í sínú rédíò Bàbá, orin sì bẹ̀rẹ̀ sí dún. Ó ní, "Ihò rédíò yín kò bàjẹ́, fíláàṣì yín kò sì bàjẹ́, sà. Ọ̀rọ̀ USB kì í ṣe ọ̀rọ̀ ihò. Ọ̀rọ̀ onílé àti àlejò ni. Níbikíbi tí wáyà USB bá ti so ẹ̀rọ méjì pọ̀, ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ onílé, èkejì gbọ́dọ̀ jẹ́ àlejò. Onílé ni ó ń fún àlejò ní oúnjẹ, oúnjẹ náà ni iná. Onílé ni ó ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Àlejò kò gbọdọ̀ la ẹnu àfi bí onílé bá bi í ní nǹkan."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àlejò lójú, kò fi ríran. Ẹni tí ó ṣe òfin náà ti gbé láàárín àwọn Yorùbá rí."

Òfin náà ti pẹ́ díẹ̀. Ní ọdún 1996 ni USB jáde, láti ọwọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ méje tí Intel, Microsoft àti IBM wà nínú wọn. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn nígbà náà ni kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Wọ́n fẹ́ kí àwọn nǹkan tí a ń so mọ́ kọ̀ǹpútà, bí àtẹ ìtẹ̀wé àti ohun tí a fi ń tọ́ka, jẹ́ olówó pọ́ọ́kú. Nítorí náà wọ́n kó gbogbo ọgbọ́n àti gbogbo ìnira lé onílé lórí, wọ́n sì jẹ́ kí ẹrù àlejò fúyẹ́. Kọ̀ǹpútà ni yóò máa pín àkókò, òun ni yóò máa béèrè, òun ni yóò máa rántí. Ìlànà yìí dára púpọ̀ nígbà tí onílé bá jẹ́ ọlọ́rọ̀. Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n ní kí ọpọlọ kéékèèké tí wọ́n ń rì mọ́ inú rédíò, inú ẹ̀rọ orin ọkọ̀ àti inú ẹ̀rọ ìṣirò wá di onílé pẹ̀lú. Ẹrù tí wọ́n gbẹ́ fún erin ni wọ́n wá gbé lé ẹtu lórí.

Ọmọbìnrin náà ka ìṣòro wọ̀nyí fún Bàbá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń fi ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ nílé Bàbá ṣe àpẹẹrẹ.

Èkíní ni ipò. Ọpọlọ kékeré mìíràn wà tí wọn kò dá ipò onílé mọ́ rárá. Àlejò nìkan ni ó lè ṣe títí láé. Irú rẹ̀ ni èyí tí ó wà lórí pátákó Arduino Leonardo tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lò. Ènìyàn lè so ó mọ́ kọ̀ǹpútà bí àtẹ ìtẹ̀wé, ṣùgbọ́n kò lè gba fíláàṣì lálejò. Òmíràn tilẹ̀ wà, bí ESP32 tí ó jáde ní ọdún 2016, tí kò ní USB tirẹ̀ rárá. Ṣíìpù mìíràn ni ó ń bá a ṣe ògbufọ̀ nígbà tí a bá so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Ihò wà lára pátákó náà, ṣùgbọ́n onílé kò sí nínú ilé.

Èkejì ni oúnjẹ. Nínú òfin USB 2.0 ti ọdún 2000, àlejò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé kò gbọdọ̀ gbà ju 100 mílíáńpù iná lọ. Lẹ́yìn tí onílé bá ti mọ̀ ọ́n, ó lè gbà tó 500. Kọ̀ǹpútà lè pèsè èyí láìjanpata. Ní ọdún 2001, wọ́n ṣe àfikún òfin kan tí a ń pè ní OTG, kí ẹ̀rọ kékeré lè máa ṣe onílé nígbà mìíràn, kí ó sì máa ṣe àlejò nígbà mìíràn. Òfin yìí mọ̀ pé bátìrì ẹ̀rọ kékeré kò lágbára, ó sì gbà kí irú onílé bẹ́ẹ̀ pèsè ìwọ̀nba 8 mílíáńpù péré. Ìdí nìyí tí iná rédíò Bàbá fi kú nígbà tí ọmọ náà so àpótí ìkó-nǹkan-sí ńlá mọ́ ọn. Àlejò tí ó ní ẹ̀rọ ayípo nínú fẹ́ jẹun ju ohun tí ó wà nínú ìkòkò onílé lọ. Kì í ṣe rédíò olówó pọ́ọ́kú nìkan ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Raspberry Pi àkọ́kọ́, kọ̀ǹpútà kékeré tí ó jáde ní Ìlú Ọba ní ọdún 2012, ní ohun ìdènà kan lẹ́nu ihò USB rẹ̀ tí kò jẹ́ kí àlejò gbà ju 140 mílíáńpù lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó so nǹkan mọ́ ọn tí kò ṣiṣẹ́, kí àwọn tí ó ṣe é tó yọ ìdènà náà kúrò nínú àwọn tí wọ́n ṣe lẹ́yìn.

Ẹ̀kẹta ni ìdánimọ̀. Nígbà tí àlejò bá wọlé, onílé á béèrè ìwé rẹ̀. Àlejò á mú ìwé kékeré kan jáde tí gígùn rẹ̀ jẹ́ báìtì 18, á sì tún fi àwọn ìwé mìíràn tẹ̀ lé e, tí irú ẹni tí ó jẹ́ wà nínú wọn ní nọ́ńbà. Nọ́ńbà 8 ni ti àwọn ohun ìkó-nǹkan-sí bíi fíláàṣì, 3 ni ti àtẹ ìtẹ̀wé, 7 ni ti ẹ̀rọ tí ń tẹ̀wé sórí bébà, 9 sì ni ti hub, èyí tí ń sọ ihò kan di púpọ̀. Onílé á wá fún àlejò ní àdírẹ́sì láti 1 dé 127. Kọ̀ǹpútà mọ gbogbo nọ́ńbà wọ̀nyí, bí ó bá sì pàdé àjèjì, ó lè wá ìmọ̀ kún ìmọ̀ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Rédíò Bàbá kò mọ̀ ju nọ́ńbà 8 lọ, ẹni kan ṣoṣo ni ó sì lè gbà lẹ́ẹ̀kan. Bí ènìyàn bá gbé hub fún un, á wò ó bí ẹni tí ó ń wo òyìnbó fún ìgbà àkọ́kọ́. Fóònù náà kò kí i bí fíláàṣì mọ́. Láti nǹkan bí ọdún 2011 ni àwọn fóònù Android ti bẹ̀rẹ̀ sí lo ọ̀nà mìíràn láti fi fáìlì wọn han onílé, ọ̀nà náà sì ṣòro fún onílé kékeré láti kọ́. Ìdí nìyí tí fóònù ìyá ọmọ náà kò fi rí ẹni bá sọ̀rọ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ìwọ̀n àyè. Ṣíìpù kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ STM32F407, tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ fẹ́ràn púpọ̀. Ó lè ṣe onílé, ṣùgbọ́n ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ 8 péré ni ó ní nínú apá USB rẹ̀ kékeré, gbogbo ibi ìrántí rẹ̀ kò sì ju kílóbáìtì 192 lọ. Àlejò kan ṣoṣo lè gba ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí àlejò mẹ́ta bá dé pọ̀, àyè á há. Ṣíìpù náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Wọn kò kọ́ ilé rẹ̀ fún àpèjẹ ni.

Ẹ̀karùn-ún ni ó kan fíláàṣì Bàbá gan-an. Rédíò mọ̀ pé ohun ìkó-nǹkan-sí ni ó wọlé. Ó ṣílẹ̀kùn fún un, ó fún un ní iná, ó sì béèrè ìwé. Ṣùgbọ́n ìlànà tí wọ́n fi to nǹkan sínú fíláàṣì náà ṣe àjèjì sí i. Rédíò mọ ìlànà FAT32, tí ó ti wà láti ọdún 1996, tí kò lè gba fáìlì kan ṣoṣo tí ó bá tó gígábáìtì 4. Gígábáìtì 64 ni fíláàṣì Bàbá, exFAT sì ni wọ́n fi tò ó láti ilé-iṣẹ́. Microsoft gbé exFAT jáde ní ọdún 2006, ṣùgbọ́n wọn kò fi ìlànà rẹ̀ han gbogbo ayé títí di ọdún 2019. Kí ó tó di ìgbà náà, ẹni tí ó bá fẹ́ lò ó ní láti gba àṣẹ. Ẹni tí ń ṣe rédíò tí ó fẹ́ tà ní owó táṣẹ́rẹ́ kò ní fi owó kún owó nítorí èyí. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, fóònù ọdún 2018 náà ti di ohùn ìyá náà ní ọ̀nà kan tí orúkọ fáìlì rẹ̀ fi m4a parí, MP3 sì ni rédíò mọ̀. Bí rédíò bá tilẹ̀ ka àpótí, kò ní lè ka lẹ́tà tí ó wà nínú rẹ̀.

Bàbá Tíṣà fi ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó ní, "Ọmọ mi, ó yé mi. Bí ẹni tí ó kọ́ 'ẹ kú àárọ̀' nìkan ni. Bí ènìyàn bá kí i láàárọ̀, á dáhùn, wọn á ní ó gbọ́ Yorùbá. Jẹ́ kí wọ́n wá fi òwe bá a sọ̀rọ̀, á dákẹ́. Kí ni ó dé tí wọn kò kọ ọ́ sára páálí pé 'ẹ kú àárọ̀' nìkan ni rédíò yìí mọ̀?"

Ìbéèrè yìí ni ó gún ọ̀rọ̀ lójú. Òfin USB kò ní kí onílé kékeré mọ gbogbo àlejò. Ohun tí ó ní ni pé kí ẹni tí ó ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kọ àkọsílẹ̀ àwọn àlejò tí ẹ̀rọ rẹ̀ lè gbà, kí olùrà lè mọ̀. Lórí ọ̀pọ̀ páálí tí ó wà lórí àtẹ, lẹ́tà mẹ́ta nìkan ni ènìyàn ń rí. Ẹni tí ó bá ti lo kọ̀ǹpútà rí, tí ó mọ bí kọ̀ǹpútà ti ń gba gbogbo ayé mọ́ra, á rò pé lẹ́tà mẹ́ta wọ̀nyí ṣèlérí ohun kan náà níbi gbogbo. Ọ̀rọ̀ náà tún le sí i láti ọdún 2014 tí USB-C ti jáde, nítorí orí wáyà kan náà ni ó wà ní ìhà méjèèjì. Tẹ́lẹ̀, ènìyàn lè fi ojú mọ ìhà onílé yàtọ̀ sí ìhà àlejò. Ní báyìí, ojú nìkan kò tó. Àwọn ẹ̀rọ méjèèjì ni yóò pinnu láàárín ara wọn ẹni tí yóò ṣe onílé.

Ọmọbìnrin náà sọ fún Bàbá pé kì í ṣe òun nìkan ni ó ń gbé ẹjọ́ yìí wá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń mú iṣẹ́ àṣekágbá wọn wá sí ìsọ̀ òun, pátákó ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fẹ́ kí ó gba ẹ̀rọ ìtẹ̀ka lálejò fún kíka orúkọ ní kíláàsì. Wọ́n á ti ra gbogbo nǹkan tán kí wọ́n tó mọ̀ pé ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀ka náà kọ ètò rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà nìkan, pé kò sí èyí tí ó kọ fún ọpọlọ kékeré. Ihò bá ihò mu, iná tó, síbẹ̀ kò sí ògbufọ̀. Oṣù kan yóò kù kí wọ́n gbé iṣẹ́ náà kalẹ̀, omijé yóò sì wà lójú wọn. Ohun tí òun máa ń sọ fún wọn kò yàtọ̀ sí ohun tí òun sọ fún Bàbá: kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ẹni tí yóò ṣe onílé, kí wọ́n béèrè irú àlejò tí onílé náà mọ̀, kí wọ́n tó ná kọ́bọ̀ kan.

Lẹ́yìn èyí, ó mú fíláàṣì gígábáìtì 8 tuntun kan, ó fi FAT32 tò ó, ó yí ẹ̀dà ohùn ìyá náà padà sí MP3, ó sì dà á sínú rẹ̀. Fíláàṣì Bàbá gan-an ni kò fọwọ́ kàn mọ́. Ó dá a padà bí ó ti rí. Ó ti tuntun bọ rédíò. Iná pupa ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ohùn ìyá náà sì jáde láti inú rédíò kékeré náà, ó ń wúkọ́ díẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Owó tí ọmọbìnrin náà gbà kò ju owó fíláàṣì lọ. Bàbá ní kí ó gba tiṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó ní rárá, ó ní kí Bàbá jẹ́ kí òun wá gbọ́ oríkì náà ní ọjọ́ Àìkú. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Ní ọjọ́ Àìkú, pálọ̀ kún. Wọ́n gbé rédíò sórí tábìlì láàárín. Nígbà tí ìyá náà wúkọ́, àwọn ọmọdé rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó dé orúkọ baba ńlá wọn kẹrin, gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Ọmọ-ọmọ Bàbá tí ó kọ́kọ́ so wáyà mọ́ rédíò gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ òun gan-an nínú oríkì, nítorí orúkọ baba ńlá náà ni wọ́n sọ ọ́. Kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó dìde dúró láìsí ẹni tí ó ní kí ó dìde. Bí wọ́n bá ti fọ́ọ̀màtì fíláàṣì náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn létí títì, kò sí ẹni láyé tí ì bá tún sọ èyí fún un.

Láti ìgbà náà, Bàbá Tíṣà kò jẹ́ kí ohùn náà gbé ilé kan ṣoṣo mọ́. Ẹ̀dà kan wà nínú kọ̀ǹpútà ọmọ rẹ̀, òmíràn wà lọ́wọ́ ìbátan kan ní Ìbàdàn. Láràárọ̀, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń jókòó tì í, rédíò ń sọ̀rọ̀, Bàbá ń tún un sọ, ọmọ náà sì ń kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú àmì ohùn, nítorí ìwé kì í béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ṣí i bóyá FAT32 ni tàbí exFAT.

Ẹ̀kọ́ ńlá ni ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ fún olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tí ń jáde lọ gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ ní ìgbèríko. Ìjálá, rárà, ẹkún ìyàwó àti oríkì tí wọ́n ń kó bọ̀ wá sí ilé-ẹ̀kọ́, inú irú àwọn ilé kéékèèké bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé. Bí onílé kan bá kọ̀ wọ́n, kì í ṣe àlejò ni ó ṣẹ̀, onílé náà kò sì ya ìkà. Àyè rẹ̀ ni kò gbà á. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí pé onílé kékeré kò gbọ́ èdè àlejò, kí ó wá gé ahọ́n àlejò. Ẹ̀dà ni kí ó kọ́kọ́ ṣe, kí ó tó wá onílé mìíràn.